Téèkì: Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Bàbá dé láti ọsibítù lónìí. Apá ọ̀tún wọn ṣì wúwo bí igi tútù, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú wọn mọ́ kedere, wọ́n sì mọ gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ ni kò sí. Láti ọjọ́ tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn, ti Gẹ̀ẹ́sì sì ni: téèkì, èyí tí à ń kọ ní t-a-k-e. Ebi ń pa wọ́n, téèkì. Oorun ń kùn wọ́n, téèkì. Ẹni tó fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì!

Obìnrin tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu ní ọsibítù, ẹni tí àwọn aláìsàn sọ ní Àǹtí Ahọ́n, ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní, "Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ mà, nígbàkigbà tí Bàbá bá sọ ọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde."

Mo ní ṣé ó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Mo ti palẹ̀ yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́ fún wọn. Fóòmù àga tí mo ń rán ni mo ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù kò tíì tán nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Òjò láti òwúrọ̀. Téèkì mọ́kànlá.

Mo gbé omi fún wọn. Téèkì. Mo gbé e sún mọ́ wọn. Téèkì! Mo gbé e kan ẹnu wọn, wọ́n fi ọwọ́ òsì tì í, omi sì dà sí àwa méjèèjì lára. Àṣé wọ́n ti mu omi lọ́wọ́ Ìyá Alágbàfọ̀, tí a jọ ń pín àgbàlá, nígbà tí mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Kí n gbé e kúrò ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń sọ pé gbà, òun náà ló fi ń sọ pé gbé e lọ. Báwo ni Òyìnbó ṣe ń bára wọn gbé?

Ọjọ́bọ̀, 6

Lọ́yà kó àpótí ìwé Bàbá wá. Àbúrò mi ni, agbẹjọ́rò ni, gbogbo àdúgbò ló sì ń pè é ní Lọ́yà, títí kan èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Ìwé atúmọ̀ èdè ńlá tí Bàbá máa ń gbé lọ sí kíláàsì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já. Mo fi gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ fóòmù tún un ṣe, mo sì fi ẹsẹ̀ àga tẹ̀ ẹ́ títí ó fi mú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mo wá téèkì lọ. Mo rò pé ìlà méjì péré ni. Ojú ewé márùn-ún! Lẹ́tà wẹ́wẹ́ bí ẹyin iná orí. Mo fi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí n má bàa ṣìnà.

Òyìnbó lo oògùn, téèkì ni. Ó wọ bọ́ọ̀sì, téèkì. Ó ya fọ́tò, ó ṣe ìdánwò, ó jókòó, téèkì, téèkì, téèkì. Ọmọ jọ bàbá rẹ̀, téèkì náà ni. Bàlúù gbéra nílẹ̀, téèkì ọ́ọ̀fù. Èèyàn bọ́ bàtà, téèkì ọ́ọ̀fù kan náà. Ṣé bàtà ọ̀hún máa fò ni? Àwa tí a ní mú, gbé, kó, gbà àti já, tí abẹ́rẹ́ tí à ń mú kì í bá àpótí tí à ń gbé jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n ní èdè tiwa ni kò tó!

Ìtumọ̀ kan wá dá mi dúró. Ó ní àga kan lè téèkì yáàdì aṣọ mẹ́ta. Mo pariwo. Bí èmi gan-an ṣe ń sọ ọ́ fún oníbàárà nìyẹn: àga yín máa gba yáàdì mẹ́ta. Iṣẹ́ yìí máa gba àkókò, téèkì. Ó gba sùúrù, téèkì. Níbi tí n kò fojú sí, èmi àti Òyìnbó pàdé.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbà tiwa náà lójú. A ń gba lẹ́tà, a ń gba àlejò, a ń gba ilé gbé, a ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, a ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́. A tún ń gba èèyàn nímọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ àwa la fún un, kì í ṣe pé a gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń sọ ọ́, n kò yẹ̀ ẹ́ wò rí.

Mo gbàgbé ìkòkò sórí iná. Oúnjẹ jóná. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo gbé ìwé náà lọ bá Bàbá. Mo ń ka àpẹẹrẹ inú rẹ̀ sókè, mo ń fi ọwọ́ ṣe é: mo bọ́ bàtà, mo wọ̀ ọ́, mo ṣe bí ẹni ń ya fọ́tò wọn. Mo pe ọ̀rọ̀ kan bí kò ṣe yẹ. "Téèkì!" Ojú wọn le koko. Mo tún un pè. "Téèkì!" Mo tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta. "Téèkì," pẹ̀lẹ́, wọ́n sì mi orí.

Tíṣà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pátápátá.

Nígbà tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ àga rírán, Bàbá kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún kan gbáko. Ọdún yẹn, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lẹ́nu. Wọn kò fún mi ní ọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Fóòmù tún gbówó lórí. Òjò. Téèkì mẹ́tàdínlógún, mo mọ ìtumọ̀ mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 12

A padà sí ọsibítù, èmi, Bàbá àti Lọ́yà. Dókítà ní ọ̀rá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pa ní ọrùn Bàbá. Bí a kò bá là á kí a kó o kúrò, ó ṣeé ṣe kí àrùn náà padà wá, kó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá sì là á, iṣẹ́ abẹ náà fúnra rẹ̀ lè ṣe wọ́n léṣe. Ó yíjú sí Bàbá fúnra wọn, ìyẹn wù mí. "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kí a ṣe é?"

Bàbá wò ó. "Téèkì."

Lọ́yà na ọwọ́ bí ẹni wà níwájú adájọ́. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Wọ́n ní àwọn gbà."

Mo ní, "Tàbí kí a gbé wọn kúrò níbí. Ìyẹn náà, téèkì ni."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ojú ewé márùn-ún ni, Lọ́yà. Mo ti kà á. Ṣé ìwọ ti kà á?"

Dókítà fi bírò rẹ̀ sápò. "N kò lè tìtorí ọ̀rọ̀ kan tó ní ìtumọ̀ ọgọ́rùn-ún la èèyàn lọ́rùn. Orí tí wọ́n ń mì náà kò ṣeé gbára lé, bẹ́ẹ̀ ni àti rárá ń dàrú mọ́ra níbẹ̀. Ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Kò yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wá ọ̀nà tí ìdáhùn wọn á fi dá mi lójú."

Nínú ọkọ̀, Lọ́yà bínú. Ó ní kí ni Bàbá fẹ́ sọ tó ju èyí tí wọ́n sọ lọ. Bàbá jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ wa, wọ́n ń wo ẹ̀yìn fèrèsé, wọn kò téèkì ẹnì kankan nínú wa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Kí n sọ òótọ́ ibẹ̀, ó kéré tán nínú ìwé yìí. N kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ náà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni Màmá rìn lẹ́sẹ̀ ara wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ fún ohun tí gbogbo èèyàn pè ní iṣẹ́ kékeré. Èmi ni mo di aṣọ wọn padà wálé. Lọ́yà wà ní ìrìn àjò. Kò rí bàtà wọn tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí ẹsẹ̀ méjèèjì dojú kọ ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, nígbà tí mo ń wá ìtumọ̀ téèkì, ó yẹ kí n máa rántí èyí tí mo fẹ́ kí n rí.

Ọjọ́ Ajé, 17

Ọlọ́run mi, mo rí nǹkan lónìí!

Àga onírọ̀ngbọ̀kú kan wà níwájú mi, mo ń kan aṣọ mọ́ ìdí rẹ̀. Ìṣó kéékèèké mẹ́jọ wà láàárín ètè mi bí ìṣe mi, ọwọ́ kan di aṣọ mú, ọwọ́ kejì di òòlù. Ìyá Alágbàfọ̀ wọlé wá gba aṣọ tí mo bá a rán sórí tábìlì tó fi ń lọ aṣọ. Mo nílò àlùmọ́gàjí. N kò lè la ẹnu, kí ìṣó má bọ́ sí mi lọ́fun. Mo kàn kùn ún nímú: hùn-hùn-hún-hùn-hún. Obìnrin náà na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó mú àlùmọ́gàjí, ó gbé e fún mi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ ọṣẹ tó ti wọ́n lọ.

Mo tu gbogbo ìṣó sílẹ̀. "Kí ni mo sọ fún ọ?"

"O ní kí n mú àlùmọ́gàjí wá."

"N kò sọ̀rọ̀ kankan."

Ó wò mí bí ẹni tí òun náà máa nílò ọsibítù. "Ìwọ yìí! Ọ̀rọ̀ ni, orin ni, ṣé kò dún ni?"

Dò dò mí dò mí. Ó dún, ó dún dáadáa. Ọ̀rọ̀ wa kò sí nínú ètè nìkan. Òyìnbó lè pe téèkì bó ṣe wù ú, téèkì náà ni. Ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe Òyìnbó. Àbí ọ̀rọ̀ Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n ń fi ohùn tiwa sọ ọ́?

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, mo tẹ́ etí mi sí ohùn nìkan. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Te-e-kíí." Re re mí mí. Mo ń rò ó: re re mí mí, re re mí mí. Omi gbóná? Mo sáré lọ gbé e. Bàbá ki ọwọ́ tó wúwo náà bọ inú omi gbígbóná, wọ́n di ojú, wọ́n sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ń kan ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí i.

Mo sunkún díẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ bá mi sun díẹ̀ náà, kó tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Òòrùn dé nígbẹ̀yìn. Mo gbé Bàbá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ohùn ni mo ń kọ sílẹ̀ báyìí, dò, re, mí. Bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá gùn, wọ́n á fa téèkì gùn. Bó bá kúrú, wọ́n á gé e. Mí mí: rárá. Re mí dò: mo fẹ́ tọ̀ (èyí wúlò ju gbogbo rẹ̀ lọ). Mí re mí: ó ti tó. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló bá a mu. Ohùn kan náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, nígbà mìíràn sì rèé, ó rẹ̀ wọ́n, téèkì á kàn já bọ́ lẹ́nu wọn láìní ohùn rárá. Nínú ogún, mo mọ mẹ́tàlá. N kò gba mẹ́tàlá nínú ogún rí nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo fi han Lọ́yà. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́." Bàbá wò ó. "Téékí," mí mí. Mo jẹ́ kó rò ó fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ṣé rárá ni wọ́n sọ fún mi?"

Ọjọ́ Ẹtì, 21

A lọ bá Àǹtí Ahọ́n ní ọsibítù. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, òun kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n kí a má dúró. "Ohùn ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa dá ọ̀rọ̀ padà sínú rẹ̀." Ó di ọwọ́ òsì Bàbá mú, ó ń fi lu tábìlì díẹ̀díẹ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ bí orin: o-mi gbó-ná. Bàbá ń wo ẹnu rẹ̀. Ètè wọn para pọ̀ bí ẹni fẹ́ sọ "mi". Téèkì ló jáde. Wọ́n lu tábìlì gbà!

Ó ní ká máa ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24

Ẹ̀ẹ̀mẹta. Téèkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Téèkì.

Ọjọ́rú, 26

Mo fẹ́ kọ èyí bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Dókítà, Àǹtí Ahọ́n, Lọ́yà, èmi. Bàbá lórí àga onítáyà. Àǹtí Ahọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ohùn náà fún dókítà. Ó gbọ́ ọ láìrẹ́rìn-ín, ó sì ní kí èmi béèrè fúnra mi.

Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin. Mo ti mọ ohùn méjèèjì tí mò ń retí. "Mo fẹ́," re mí. "Mi ò fẹ́," re dò mí. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ikú àti ìyè, ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni. Mo ti ń gbọ́ re dò mí lókàn ara mi láti ọjọ́ tí a ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà.

"Bàbá, iṣẹ́ abẹ ọrùn yìí, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Teekí."

Re mí. Ó mọ́ gbangba. Kò sí ohun kankan nísàlẹ̀.

Lọ́yà ń wò mí, dókítà ń wò mí. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n dájú nínú yàrá yẹn. Bí mo bá ní re dò mí ni, ta ni yóò já mi nírọ́? Mo rò ó. Kí ẹni tó bá ka ìwé yìí má rò pé n kò rò ó.

Bàbá gbé ọwọ́ òsì lé mi léjìká.

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn fẹ́."

Dókítà ní kí n yí ìbéèrè náà padà. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?" "Te-è-kí." Re dò mí. Kíákíá, bí ẹni pé mo ń fi àkókò wọn ṣòfò. Ó ní kí n bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé ó léwu. "Teekì." Re dò. Mo mọ̀.

Mo rò pé Lọ́yà yóò yọ̀ pé òun ló jàre láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo wo ẹ̀yìn, ó ti fi ara ti ògiri, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí. "Àǹtí mi," ó ní, "ṣé ó dá yín lójú?" Ẹ̀rù ń bà á. Àṣé gbogbo ìgbà tó ń pariwo pé ká ṣe é, ohun tó jẹ́ kó lè sọ ọ́ ni pé èmi ń sọ pé ká má ṣe é.

Téèkì tí wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ńkọ́? N kò mọ̀. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà náà. Ó ti lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo parí àga onírọ̀ngbọ̀kú náà. Oníbàárà ní kí n gbé e wá kíá. Mo ní kó dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá ló ń jókòó lórí rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Keje

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Kí nọ́ọ̀sì tó tì wọ́n lọ, Bàbá ní "téèkì" kan tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kí ni mo dá lóhùn? Mo jókòó ti ìyẹn fún wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀. Lọ́yà jókòó tì mí. Lójijì ló ní, "Ẹ sọ ti Màmá fún mi. N kò béèrè rí." Mo sọ ọ́, látòkè délẹ̀, mo sọ ti bàtà.

Aago méjìlá ku díẹ̀, dókítà jáde. Ó ní ó lọ dáadáa.

Ọjọ́rú, 3

Bàbá lajú, wọ́n mọ̀ wá, wọ́n di ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn dákẹ́ pátápátá. Téèkì gan-an kò sí mọ́. Àǹtí Ahọ́n ní rọ́bà tí wọ́n ki bọ ọ̀fun wọn ti bó o, kí n ní sùúrù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń bá ọ̀rọ̀ yẹn jà, òní ni mo jókòó tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wá.

Ọjọ́bọ̀, 4

Kò sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Ọ̀sán gangan. Nọ́ọ̀sì wá pààrọ̀ pílásítà tó bo ọgbẹ́ ọrùn Bàbá. Lọ́yà dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, èmi wà níbi orí. Nọ́ọ̀sì fa etí pílásítà náà, irùngbọ̀n tó ti ń hù sì bá a lọ. Bàbá fa ojú ro. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n fi lu irin bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí a ṣe máa ń lu tábìlì. Ètè wọn ń wá nǹkan. A dúró.

"Ó," ni Bàbá wí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni ń gbé ẹrù gun òkè: "Ó... ń... dùn... mí."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá," ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Báwo ló ṣe máa mọ̀? Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lọ́yà ní, "Àǹtí mi, kí ni wọ́n wí?" Ó gbọ́ ọ. Ó kàn fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ ni.

Mo ní, "Wọ́n ní ó ń dùn wọ́n."

Ó dì mọ́ mi. Agbẹjọ́rò odidi, tó ń fò sókè sódò nínú wọ́ọ̀dù bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún! Èmi náà ń fò. Àwọn aláìsàn yòókù ń wò wá. Èèyàn méjì tí wọ́n gbọ́ pé ara ń dun bàbá wọn, tí wọ́n sì ń jó! Bàbá ń wo àwa méjèèjì pẹ̀lú ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó ń pariwo ní kíláàsì, wọ́n sì tún un sọ, ó já geere ju ti àkọ́kọ́ lọ, bóyá a kò gbọ́ ni: "Ó ń dùn mí!"

Ó ń dùn wọ́n ní tòótọ́. Ó dùn mọ́ wa nínú dé ibi tí nọ́ọ̀sì fi ní kí a jáde.